Èrò Òǹkàwé lórí Elephants Can Remember

Elephants Can Remember, tí ó jáde ní 1972, ni Agatha Christie kọ kẹ́yìn nínú àwọn ìtàn àròsọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rẹ̀ nípa Hercule Poirot. Curtain, tí ó jáde ní 1975, ti wà nílẹ̀ láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹ̀sùn tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé fi kan ìwé náà kò kéré: ọjọ́ orí àwọn ẹ̀dá ìtàn àti iye ọdún tí ó ti kọjá kò bára mu, àdììtú ikú tọkọtaya Ravenscroft kò sì ṣòro í tú. Ní 2009, Ian Lancashire àti Graeme Hirst ní Yunifásítì Toronto fi kọ̀ǹpútà yẹ èdè àwọn ìwé Christie wò. Wọ́n rí i pé onírúurú ọ̀rọ̀ tí ó ń lò dín kù gidigidi nínú ìwé yìí, wọ́n sì dá a lábàá pé ó ṣeé ṣe kí àrùn ìgbàgbé ti máa yọjú. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń kà á bí ẹni ń ka àbájáde àyẹ̀wò dókítà. Ìyẹn kò tọ́ tán. Ìrántí gan-an ni kókó ìtàn náà: ọ̀dọ̀ àwọn arúgbó ni Ariadne Oliver, òǹkọ̀wé ọ̀rẹ́ Poirot, ti ń wádìí ọ̀rọ̀, ohun tí kálukú rò pé òun rántí ni ó sì ń sọ. Àṣìṣe ọdún lẹ́nu irú wọn bá ipò wọn mu. Èyí tí ó wà lẹ́nu asọ̀tàn nìkan ni a lè kà sí Christie lọ́rùn.