Kí Ni Abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò Yóò Fẹ̀yìn Tì? Ẹ̀kọ́ Láti Ìbàdàn, 1963

Nígbà tí Daniel Dubois fi ẹ̀ṣẹ́ gbé Anthony Joshua ṣánlẹ̀ ní Wembley ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ọ̀rọ̀ kan gba ẹnu àwa ará Ìpínlẹ̀ Ògùn kan: ṣé kí ọmọ Ṣàgámù yìí fẹ̀yìn tì ni, àbí kó padà sójú ìjà? Àwọn kan ní bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn ni. Àwọn mìíràn ní àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹ jẹ́ ká gbé òwe méjèèjì yẹ̀ wò nínú ìtàn kan tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ wa níbí.

Ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1963 ni. Kò tíì sí Ìpínlẹ̀ Ògùn nígbà náà, 1976 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ẹ̀gbádò ni wọ́n ṣì ń pe àwa ará Yewa, láti Ìláròó dé Ayétòrò, Ìbàdàn sì ni olú-ìlú gbogbo wa lábẹ́ Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ní pápá ìṣeré Liberty tí ìjọba yẹn kọ́, tó ń jẹ́ Pápá Ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí, Dick Tiger ọmọ Amaigbo gbèjà oyè àgbáyé rẹ̀ níwájú Gene Fullmer ọmọ Amẹ́ríkà. Ìgbà kẹta tí wọ́n pàdé nìyí. Tiger gba oyè lọ́wọ́ Fullmer ní San Francisco ní 1962. Ìjà kejì, ní Las Vegas, parí sí ọ̀mì. Ní Ìbàdàn, Fullmer jìyà débi pé kò lè jáde fún abala kẹjọ.

Ẹ wo ọjọ́ orí wọn. Fullmer ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 32 ni. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí Tiger pé 34. Síbẹ̀, èyí àbúrò ló bọ́ ìbọ̀wọ́ sílẹ̀, kò sì jà mọ́ láyé. Èyí ẹ̀gbọ́n ló ń bá ìjà lọ.

Kí ọdún náà tó parí, Joey Giardello gba oyè lọ́wọ́ Tiger. Ní 1965, Tiger gbà á padà, ó ti di ẹni ọdún 36. Emile Griffith tún gbà á ní oṣù Kẹrin ọdún 1966. Tiger bọ́ sí ìsọ̀rí àwọn tó wúwo ju tirẹ̀ lọ, ó sì na José Torres ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, ó gba oyè tuntun. Ẹṣin dá a lẹ́ẹ̀mejì, ó tún un gùn lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn náà ni ogun Biafra dé. Tiger dara pọ̀ mọ́ àwọn èèyàn rẹ̀, ogun sì kó ọ̀pọ̀ ohun tó ti fi ẹ̀ṣẹ́ kó jọ lọ. Ní 1968, Bob Foster lù ú bolẹ̀ ní abala kẹrin, èyí tí ẹnikẹ́ni kò ṣe fún un rí. Tí a bá wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ì bá pariwo "Ó tó!" Ṣùgbọ́n ní 1969, ó na Nino Benvenuti, tó ṣì wà lórí oyè middleweight. Griffith ló bá jà kẹ́yìn, ní oṣù Keje ọdún 1970, ó sì pàdánù. Ẹni tó ti gba oyè àgbáyé lẹ́ẹ̀mẹta wá ń ṣiṣẹ́ ọlọ́dẹ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní New York. Àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ mú un, ó padà wálé, ó sì kú sí Aba ní oṣù Kejìlá ọdún 1971, lẹ́ni ọdún 42. Fullmer gbé ayé di 2015.

Àwa tí a ń kọ́ Yorùbá mọ̀ pé "fẹ̀yìn tì" kì í ṣe "dáwọ́ dúró" lásán. Fi ẹ̀yìn ti nǹkan ni. Ẹni tí yóò fẹ̀yìn tì gbọ́dọ̀ rí ògiri. Fullmer ní oko ọ̀sìn ní Utah. Hogan Bassey, tó fi ojú ìjà sílẹ̀ ní 1959 lẹ́ni ọdún 27, rí iṣẹ́ olùkọ́ni àwọn akànṣẹ́ Nàìjíríà. Ogun wó ògiri ti Tiger, ìdí nìyẹn tó fi ń nàró.

Òótọ́ ni pé ara ló kọ́kọ́ ní ẹjọ́ dá. Muhammad Ali kò ṣàìní orúkọ, síbẹ̀ ó bá Larry Holmes jà ní 1980 lẹ́ni ọdún 38. Olùkọ́ rẹ̀ ló dá ìjà náà dúró lẹ́yìn abala kẹwàá. Nígbà tó di 1984, wọ́n ti kéde pé ó ní àrùn Parkinson. Bí dókítà bá ní ó tó, ó tó.

Ṣùgbọ́n bí ara bá ṣì gbà á, a ò gbọdọ̀ fi ọjọ́ orí nìkan dájọ́. Ògiri Joshua lágbára, ó lè fẹ̀yìn tì nígbà tó bá wù ú. Àwọn tó ń kan ẹ̀ṣẹ́ láìlórúkọ ní ìgboro wa ńkọ́? Kí a tó sọ fún wọn pé kí wọ́n fẹ̀yìn tì, kí ni àwa àti ìjọba ti kọ́ sílẹ̀ tí wọn yóò fẹ̀yìn tì? Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ fún wa lésì.