Agolo Agbọ́ìlì Lára Ọkọ̀ Asáré

Agolo agbọ́ìlì jẹ́ ìkòkò kékeré tí a fi alumíníọ̀mù tàbí ike ṣe, tí a so mọ́ ojú rọ́bà tó ń gbé èéfín jáde láti ikùn ẹ́ńjìnnì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó dá ọ́ìlì, omi àti bẹntiróòlù tó bá èéfín náà rìn dúró, kí ó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ nìkan ni yóò kọjá. Catch can ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ní Lomé, níbi tí Faransé ti jẹ́ èdè ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, récupérateur d'huile ni. Ọkọ̀ ìdíje ni ó kọ́kọ́ gbajúmọ̀ lára rẹ̀, òfin ló sì fà á. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló tó dé ara ọkọ̀ asáré tí èèyàn ń gùn lọ síbi iṣẹ́, ibẹ̀ ni àríyànjiyàn sì ti bẹ̀rẹ̀: ṣé ẹ́ńjìnnì nílò rẹ̀ ni, àbí ọ̀ṣọ́ lásán ni?

Orísun ọ̀rọ̀ náà wà lára písítìn. Nígbà tí bẹntiróòlù bá gbiná nínú sílíńdà, agbára rẹ̀ á ti písítìn lọ sísàlẹ̀. Ríǹgì tó yí písítìn ká ló ń dí àlàfo tó wà láàárín òun àti ògiri sílíńdà, ṣùgbọ́n kò sí ríǹgì tó lè dí i tán pátápátá, ì báà jẹ́ tuntun. Díẹ̀ nínú èéfín gbígbóná á yọ́ kọjá, á bọ́ sí ìsàlẹ̀ níbi tí kránkì ti ń lu ọ́ìlì tí ọ́ìlì fi ń ta wínníwínní bí ìrì. Omi náà wà nínú èéfín yìí, nítorí lítà bẹntiróòlù kan tó bá jóná máa ń mú nǹkan bíi lítà omi kan jáde ní ìrísí oru. Bí gbogbo rẹ̀ kò bá rí ọ̀nà jáde, á ti ọ́ìlì síìlì kúrò ní ààyè rẹ̀, ọ́ìlì á sì ki bí ẹrẹ̀. Dandan ni kí ẹ́ńjìnnì mí.

Títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, páìpù lásán ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fi ń mí. Páìpù náà á ti ara ẹ́ńjìnnì sọ̀kalẹ̀ sí abẹ́ ọkọ̀, atẹ́gùn tó ń fẹ́ kọjá níbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré á sì máa fa èéfín jáde. Bí ọkọ̀ bá dúró, kò sí ohun tó ń fà á mọ́. Ọ́ìlì tó ń kán láti ẹnu páìpù wọ̀nyí pọ̀ débi pé ó máa ń fa ìlà dúdú sí àárín títì.

Ogun ló kọ́kọ́ mú kí wọ́n wá ọ̀nà mìíràn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ ogun tó máa la odò kọjá kò gbọdọ̀ ní ihò tí omi lè gbà dé inú ọ́ìlì. Wọ́n yí ojú páìpù náà padà sí ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, kí ẹ́ńjìnnì lè jó èéfín ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sì fi fáàfù kékeré kan díwọ̀n ohun tó ń kọjá. Lẹ́yìn ogun, kùrukùru tó ń ta àwọn ará Los Angeles lójú ló gbé ọgbọ́n yìí wọ ọkọ̀ aráàlú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Arie Haagen-Smit, onímọ̀ kẹ́mísírì ní Caltech, fi hàn pé èéfín ọkọ̀ tí oòrùn ń pa ló ń di kùrukùru náà. Wọ́n wá rí i pé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún bẹntiróòlù aláìjóná tí ọkọ̀ ń tú sáfẹ́fẹ́ ló ń gba páìpù abẹ́ ọkọ̀ jáde. Ní 1961, ìpínlẹ̀ Kalifóníà pàṣẹ pé kí ọkọ̀ tuntun máa ní fáàfù náà. Nígbà tí ọkọ̀ ọdún 1963 fi máa jáde, àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ti ń fi í sí ọkọ̀ wọn jákèjádò orílẹ̀-èdè. PCV ni orúkọ rẹ̀.

Àṣẹ yẹn tọ́, àǹfààní rẹ̀ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì tó ń kán sí títì tẹ́lẹ̀ ti wá ń bá afẹ́fẹ́ wọ ẹnu ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ tó ń rìn jẹ́ẹ́ lè gbé èyí mì láìsí wàhálà. Ọkọ̀ ìdíje kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí kíkankíkan fún wákàtí, èéfín tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ríǹgì á pọ̀. Bí ọkọ̀ bá sì ń fi eré yípo kọ́nà gígùn, ọ́ìlì á wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, á bo ẹnu ihò tí ẹ́ńjìnnì ń gbà mí. Ọ́ìlì tó bá wọ sílíńdà á mú kí bẹntiróòlù gbiná ṣáájú àsìkò, ẹ́ńjìnnì á máa kan kò-kò-kò, písítìn sì lè fọ́. Èyí tó bá dà sí ojú ọ̀nà lè ṣekú pa ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìdí nìyí tí FIA, àjọ tó ń darí ìdíje ọkọ̀ lágbàáyé, fi kọ ọ́ sínú Appendix J, ìwé òfin wọn, pé bí ihò èémí ẹ́ńjìnnì bá ṣí sí ìta, inú agolo ni kí ó tú u sí: ó kéré tán lítà 2 fún ẹ́ńjìnnì tí kò ju 2000 cc lọ, lítà 3 fún èyí tó jù bẹ́ẹ̀. Ojú gbọ́dọ̀ lè rí inú agolo náà láti ìta.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìdíje Bandama ní Côte d'Ivoire, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1969, ni ibi tí a ti lè rí ìyà tí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ń jẹ. Ní 1972, kò sí ọkọ̀ kankan tó parí rẹ̀. Láti 1978 títí di 1992 ó wà lára ìdíje ráálì àgbáyé. Hannu Mikkola fi Mercedes 450 SLC ẹlẹ́ńjìnnì lítà 5 borí níbẹ̀ ní 1979, Kenneth Eriksson sì fi Volkswagen Golf GTI ẹlẹ́ńjìnnì lítà 1.8 borí ní 1987. Lójú òfin agolo, ẹgbẹ́ lítà 3 ni ti àkọ́kọ́, lítà 2 ni ti èkejì. Lábẹ́ oòrùn, lórí ilẹ̀ pupa eléruku àti ẹrẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ẹnikẹ́ni kò ní pe agolo bẹ́ẹ̀ ní ọ̀ṣọ́.

Ohun tó gbé agolo náà dé ara ọkọ̀ aráàlú ni ẹ́ńjìnnì tó ń fín bẹntiróòlù tààrà sínú sílíńdà. Mercedes-Benz ti ṣe é sí 300 SL ní 1954, ṣùgbọ́n Mitsubishi ló fi kọ̀ǹpútà darí rẹ̀ fún ọjà gbogbogbòò, lára Galant, ní 1996. Ní ẹ́ńjìnnì àtijọ́, bẹntiróòlù ń gba ẹ̀yìn fáàfù ìwọlé kọjá, ó sì ń fọ̀ ọ́ bó ṣe ń lọ. Ní tuntun yìí, kò dé ibẹ̀ mọ́. Ọ́ìlì tí PCV ń gbé wá á bà lé fáàfù gbígbóná, á yan gbẹ, á sì di èédú. Ó hàn gbangba lára ẹ́ńjìnnì 1.6 THP tí Peugeot àti BMW jọ ṣe láti 2006, tó wà nínú Peugeot RCZ ti ọdún 2010. Bí a bá tú ẹnu ìwọlé irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, ọrùn fáàfù tó yẹ kó tẹ́ẹ́rẹ́ á ti wú, á dúdú, á rí gbágungbàgun bí ìdí ìkòkò tí a fi ń dáná igi. Wọ́n máa ń fi èèpo èso walnut lílọ̀ fín in kí ó tó ṣí. Toyota wá ojútùú tó jinlẹ̀ ju agolo lọ ní 2005: wọ́n fi ọ̀nà ìfín bẹntiróòlù méjèèjì, ti àtijọ́ àti ti tuntun, sí ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo, kí bẹntiróòlù lè tún máa fọ fáàfù. Ọkọ̀ asáré wọn, GT86 ti 2012, ń lo ọgbọ́n yìí.

Nítorí náà, ìdáhùn kò lè jẹ́ ọ̀kan fún gbogbo ọkọ̀. Ọkọ̀ tó ń díje lábẹ́ òfin gbọ́dọ̀ ní in bí òfin bá ti wí. Ẹ́ńjìnnì alágbára tọ́bò tó ń fín bẹntiróòlù tààrà, tí ẹni tó ni ín sì máa ń gbé e lọ sí pápá ìdíje, á jàǹfààní rẹ̀. Ford pàápàá ń ta irú rẹ̀ fún Mustang lábẹ́ orúkọ Ford Performance. Ṣùgbọ́n Porsche 911 ti ní ẹ̀rọ tirẹ̀ tó ń ya ọ́ìlì kúrò lára afẹ́fẹ́. Bí ẹ̀rọ yẹn bá bàjẹ́, tí èéfín funfun ń rú láti ẹ̀yìn ọkọ̀, kí a pààrọ̀ rẹ̀ ló tọ́. Ẹ́ńjìnnì tí bẹntiróòlù ń fọ fáàfù rẹ̀, tó sì ń rìn ní títì nìkan, kò ní ohun tó fẹ́ fi agolo ṣe.

Ní Cacaveli, ní apá àríwá Lomé, àti káàkiri ìlú náà, ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú gbogbo èyí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ibẹ̀ ló jẹ́ tòkunbọ̀ tó ti rìn púpọ̀ ní Yúróòpù kí ó tó gúnlẹ̀ sí èbúté, ríǹgì rẹ̀ sì lè ti jẹ. Kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lórí ìdúró, kí a ṣí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí, kí a sì dojú ìdérí náà dé lé ihò láìyí i pa. Bí ó bá kàn ń mì díẹ̀, kò léwu. Bí ó bá ń fò, tí èéfín ń tú pù-pù-pù, ríǹgì ló ń béèrè àtúnṣe, agolo tí a bá sì so mọ́ ọn kàn ń fi àrùn pamọ́ ni.

Ẹni tó bá fẹ́ so agolo gbọ́dọ̀ gbé e jìnnà sí tọ́bò àti páìpù èéfín, nítorí bí agolo bá ṣe tutù tó ni ọ́ìlì ṣe ń dì mọ́ inú rẹ̀. Inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àwọ̀n tàbí irin ìdábùú tí ọ́ìlì á gbá mọ́. Agolo òfìfo tí ìta rẹ̀ ń dán kò mú nǹkan púpọ̀. Rọ́bà rẹ̀ kò gbọdọ̀ tín-ín-rín ju ti ilé iṣẹ́ lọ. Bí àwọ̀n bá dí, ìfúnpá á tún ti ọ́ìlì síìlì jáde. Bí agolo bá kún àkúnwọ́sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì á fa gbogbo rẹ̀ mu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tí a máa ń bá nínú rẹ̀ kì í ṣe ọ́ìlì gidi: omi àwọ̀ tíì oníwàrà ni, ó ń rùn bíi bẹntiróòlù, a kò sì gbọdọ̀ dà á padà sínú ẹ́ńjìnnì. Gbogbo ìgbà tí a bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì ni kí a tú u, kí a sì dà á mọ́ ọ́ìlì àlòkù inú kẹ́ẹ̀gì.