Ọtí Pípọn ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù: Láti Ìkòkò Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ dé Agolo Òyìnbó

Ọ̀rọ̀ ọtí ni mo fẹ́ sọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa kì í fi ọtí kan ẹnu, yálà nítorí ẹ̀sìn tàbí nítorí ìlera, n kò sì wá láti yí wọn lọ́kàn padà. Ìtàn ni mo ń wá, ibi tí ìtàn bá sì fara pamọ́ sí ni òpìtàn gbọ́dọ̀ tọ̀ ọ́ lọ, ìbáà ṣe ìdí ìkòkò.

Ohun tí ó mú mi dìde ni gbólóhùn kan tí mo ti kà lọ́pọ̀ ìgbà nínú ìdáhùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ìbéèrè ìdánwò, pé àwọn òyìnbó ni ó kọ́ wa ní bíà pípọn, àti pé ẹmu nìkan ni àwọn baba wa mọ̀ kí wọ́n tó dé. Gbólóhùn yìí kò tọ̀nà, èdè wa fúnra rẹ̀ sì ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́. A kì í pọn ẹmu. A máa ń dá a ni. Igi ni ó ṣe é, ọwọ́ ènìyàn kàn gbà á ni. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ sọ pé ẹnì kan ṣe ìnáwó ńlá, a ó ní ó pọntí, ó rokà. Lónìí, ta ni ó ń pọntí níbi ìkómọjáde? Ọkọ̀ ni ó ń já páálí ọtí sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Síbẹ̀, a kò tíì yí gbólóhùn náà padà, nítorí pé nígbà tí a dá a sílẹ̀, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an ni ó ń sọ: àwọn obìnrin ilé ti gbé ìkòkò kaná láti bí ọjọ́ mélòó kan kí ọjọ́ ìnáwó tó pé.

Ọtí tí a ń pọn nígbà náà pín sí oríṣi méjì. Èyí tí a fi ọkà bàbà ṣe ni ọtí ọkà. Èyí tí a fi àgbàdo ṣe ni ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Samuel Johnson, tí ó parí ìwé rẹ̀ lórí ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, mẹ́nu ba méjèèjì nígbà tí ó ń ka àwọn ohun mímu ilẹ̀ wa. Èwo ni ó dàgbà jù? Ọkà bàbà ni, kò sí àní-àní. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ọkà bàbà ti ṣẹ̀. Láti Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá, kò sì lè dé ọ̀dọ̀ wa kí ọkọ̀ òkun àwọn òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárín ilẹ̀ méjèèjì lẹ́yìn 1492. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni a ti ń mu ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àgbàdo ti sọ àsọdùn. Ohun tí ó jọ mí lójú ni pé nígbà tí ọkà àjèjì yìí dé, kò sí ẹni tí ó ní láti kọ́ àwọn ìyá wa ní ohun tí wọn yóò fi ṣe. Wọ́n ti mọ bí a ti ń hu ọkà. Wọ́n kàn pààrọ̀ ọkà ni.

Agbègbè tí mo fẹ́ dúró lé lórí ni Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, ní apá àríwá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹnu ààlà igbó àti ọ̀dàn ni ibẹ̀ wà, ilẹ̀ tí ó gba iṣu, tí ó gba àgbàdo, tí ó sì gba ọkà bàbà. Odò Ọ̀tìn ni ó ṣàn gba inú rẹ̀, tí wọ́n sì ń bọ. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún mi pé Ọ̀tìn àti ọtí bá ara wọn tan. Mo ti gbọ́ àwàdà náà rí. Ohùn wọn kò bára mu.) Iṣẹ́ ọtí ọkà kò lè gbèrú níbi tí ìlú kò bá fara rọ, agbègbè yìí sì rí ogun tó. Ní Ìkìrun ni a ti ja ogun Jálumi ní 1878, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn kọlu ti Ìlọrin àti ti Èkìtì pẹ̀lú Ìjẹ̀ṣà. Àwọn ará Òkukù fi ìlú wọn sílẹ̀, wọ́n sá wá sí Ìkìrun, wọn kò sì padà sílé títí ogun fi tán ní 1893. Ẹni tí ó ń sá fún ogun lè rí ẹmu mu bí ó bá rí ọ̀pẹ. Kò lè rí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, nítorí pé ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ń fẹ́ ọkà tí a kórè tán, ó ń fẹ́ igi ìdáná púpọ̀, ó sì ń fẹ́ ẹni tí yóò jókòó tì í fún ọjọ́ mọ́kànlá.

Mo ka ọjọ́ náà fúnra mi. Ìyá àgbà kan ní Ìnísà, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, gbà kí n jókòó ti òun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó da àgbàdo gbígbẹ sínú omi láti àárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní títí di ọjọ́ kejì. Ó da omi náà nù, ó da ọkà sínú apẹ̀rẹ̀ tí ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tẹ́ nídìí, ó fi ewé mìíràn bò ó, ó sì ń wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́. Gbòǹgbò funfun kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ni èéhù tẹ̀ lé e. Ọjọ́ mẹ́rin ni èyí gbà. Ìyá kò wo kàlẹ́ńdà. Ó ń mú ẹyọ ọkà kọ̀ọ̀kan sókè, ó ń fi èéhù wọn ọkà. Bí èéhù bá ti gùn tó ọkà fúnra rẹ̀, ó tó. Ó wá sá ọkà náà sínú oòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta, ó fi ọwọ́ méjèèjì ra á títí gbòǹgbò àti èéhù fi ṣí kúrò, ó fẹ́ ẹ, ó sì lọ̀ ọ́, kò jẹ́ kí ó kúnná. Ní ọjọ́ ìsè, ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pò ó, ó fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó gbé e ka iná, iná náà kò sì pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó wá koná mọ́ ọn, tí ó ń hó títí di ìrọ̀lẹ́. Ó sẹ́ ẹ, ó jẹ́ kí ó tutù, ó sì dà á sínú ìkòkò kan tí kì í fọ̀ mọ́ tónítóní láé. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí ti tẹ́lẹ̀ wà ní ìdí rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìfófòó ti bo ojú ìkòkò. Ní ọjọ́ tí ó tẹ̀ lé e a mu ún. Ó dùn, ó sì kan díẹ̀.

Kò sí ìgbésẹ̀ kan nínú gbogbo èyí tí kò nídìí. Bí ọkà bá ń hù, ó ń pèsè èròjà kan, èyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní amylase, tí ń sọ sítáàṣì di ṣúgà fún ọ̀mùnú tí ó fẹ́ dìde. Apọntí jí ṣúgà náà gbé, kí a sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni èròjà yìí fi ń ṣiṣẹ́. Omi híhó a máa pa á. Ìdí nìyí tí iná fi gbọ́dọ̀ kéré lákọ̀ọ́kọ́. Ìwúkàrà tí ó wà nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni ó ń sọ ṣúgà di ọtí, kòkòrò àìfojúrí mìíràn ni ó sì fún un ní kíkan. Ní ti ọkà bàbà, rírá èéhù kúrò ju ìmọ́tótó lọ: èéhù rẹ̀ ní májèlé sáyánáìdì nínú, gẹ́gẹ́ bí àwọn darandaran ti mọ̀ pé ẹran tí ó bá jẹ ọ̀jẹ̀lẹ́ ọkà bàbà lè kú.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo agolo òyìnbó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù gbé páálí kan wá fún mi, nínú èyí tí a di ohun èlò bíà sí fún ẹni tí kò pọntí rí. Ọ̀wọ́n kọ́ ni irú páálí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Láti 1880, ẹni tí ó bá fẹ́ pọn bíà nínú ilé rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ìjọba. Reginald Maudling, tí í ṣe mínísítà ètò ìnáwó wọn, ni ó mú èyí kúrò ní 1963, láti ìgbà náà ni àwọn oníṣòwò sì ti ń ta irú agolo yìí ní pẹrẹu. Ní Amẹ́ríkà, 1978 ni Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí òfin tí ó fún wọn láyè. Mo ń sọ èyí kí a lè mọ̀ pé ohun tí ìyá Ìnísà ń ṣe láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àwọn tí a ní wọ́n kọ́ wa kò lómìnira láti ṣe é nínú ilé wọn títí di àìpẹ́ yìí.

Inú páálí náà ni mo ti rí agolo oje ọkà bálì tí a ti sè títí ó fi ki bí oyin, tí ó lé díẹ̀ ní kílò kan àti ààbọ̀, tí a sì ti fi ewéko họ́ọ̀pù mú korò. Ìwúkàrà gbígbẹ nínú àpò kékeré. Àti ìwé ìlànà. Mo fi omi híhó yọ́ oje náà nínú ike ńlá tí mo ti fọ̀ gidigidi, mo fi ṣúgà kílò kan sí i, mo bù omi tútù lé e títí ó fi pé lítà 23, mo sì wọ́n ìwúkàrà lé e lórí. Ìwé náà ní kí ó wà láàárín ìwọ̀n ooru 18 sí 24. Ní Ìkìrun, ta ni yóò rí irú yàrá bẹ́ẹ̀? Mo gbé ike náà sínú agbada omi, mo fi aṣọ tútù wé e, gẹ́gẹ́ bí a ti ń mú àmù tutù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí kò hó mọ́, mo rọ ọ́ sínú ìgò pẹ̀lú ṣúgà díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá kánjú rọ ọ́ kí ó tó dákẹ́ lè gbọ́ ìró ìgò tí ń bẹ́ lóru. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí i, mo ṣí i.

Ọtí náà dára. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ṣe kò ju ti ẹni tí ó ra èlùbọ́ lọ́jà tí ó sì fi rokà. Ẹnì kan ti bá mi hu ọkà, ó ti bá mi sá a, ó ti bá mi lọ̀ ọ́, ó sì ti bá mi sè é. Ìwúkàrà náà ti ilé-iṣẹ́ wá. Àwọn àgbẹ̀ kan ní ilẹ̀ Nọ́wè ṣì ń fi ìwúkàrà tiwọn jogún láti ìdílé dé ìdílé, wọ́n a máa gbẹ ẹ́ sára òrùka igi, ó sì fara da ooru ju ti inú páálí lọ. Kveik ni wọ́n ń pè é, àwọn apọntí káàkiri ayé sì ti ń rà á lówó gọbọi. Ìkòkò àìfọ̀mọ́ ti Ìnísà, tí ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, kò ní olùrà.

Báwo ni ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ṣe wá lọ sílẹ̀? Àwọn kan a máa di gbogbo ẹ̀bi ru ẹ̀sìn. Òtítọ́ ni pé Ìsìláàmù fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Ìkìrun, àti pé ọ̀pọ̀ ìjọ Kírísítì kò fàyè gba ọtí. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò mu ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ mọ́ kò ṣíwọ́ ọtí mímu. Rélùwéè ni mo kà sí pàtàkì jù. Ó dé Òṣogbo ní 1907, ó gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá, ó sì dé Jẹ́bà ní 1909. Ọkà tí ó di ohun títà fún ará ọ̀nà jíjìn kò pọ̀ nílé mọ́ fún ìkòkò, ohun tí ọkọ̀ náà sì ń gbé bọ̀ láti Èkó ni àpótí ọtí líle. Àdéhùn ọdún 1919 ti ilẹ̀ ọtí líle olówó pọ́ọ́kú mọ́ Áfíríkà, ìjọba amúnisìn sì ka ògógóró léèwọ̀, ṣùgbọ́n bíà onígò kò sí nínú èèwọ̀ náà. A dá Nigerian Breweries sílẹ̀ ní 1946, ìgò Star àkọ́kọ́ sì jáde ní Èkó ní 1949. Nígbà tí International Breweries bẹ̀rẹ̀ sí í pọntí ní Iléṣà ní 1978, bíà ti di ará ilé.

Ọkà bálì láti òkè òkun ni gbogbo wọn ń lò. Nígbà tí owó ilẹ̀ òkèèrè wọ́n wa, ìjọba fòfin de kíkó ọkà bálì tí a ti hù wọlé láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 1988. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá yìí wá padà sórí ọkà bàbà àti àgbàdo, ó sì nira fún wọn: ọkà bàbà ń fẹ́ ooru ju bálì lọ kí sítáàṣì rẹ̀ tó yọ́, èròjà inú èéhù rẹ̀ kò sì lágbára tó ti bálì, wọ́n sì ní láti máa ra enzyme láti òkèèrè kún un. Àwọn olùwádìí dán ewúro àti orógbó wò dípò họ́ọ̀pù. Bí ìfòfindè náà tilẹ̀ ti kúrò nílẹ̀, ọkà bàbà kò tíì kúrò nínú bíà Nàìjíríà. N kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni tọ àwọn ìyá Ìnísà lọ láti bi wọ́n léèrè.

Ní Kúbà, àwọn ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa ṣì ń ṣe ohun mímu kan fún àwọn òrìṣà wọn. Àgbàdo, ọsàn kíkan àti ṣúgà ìrèké wà nínú rẹ̀, chequeté ni orúkọ tí wọ́n ń pè é. Ìlànà ti yí padà, ṣùgbọ́n orúkọ náà la òkun já.

Ọmọbìnrin ìyá tí mo wí ń ta bíà onígò ní Òkukù, ọjà rẹ̀ sì ń lọ dáadáa. Ó sọ fún mi pé òun kò mọ ọkà hù, pé ìyá òun kò sì fi ipá kọ́ òun. Ìyá gbà kí a gba ohùn òun sílẹ̀, a sì ti ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bi í pé níbo ni iṣẹ́ náà ti le jù, mo sì rò pé ìsè ni yóò dárúkọ, nítorí èéfín àti ooru. Ó ní rárá o, òru ọjọ́ kejì tí ọkà ti wà nínú apẹ̀rẹ̀ ni, nígbà tí ọkà bá ń gbóná fúnra rẹ̀ lábẹ́ ewé, tí ènìyàn gbọ́dọ̀ jí lẹ́ẹ̀mejì kí ó tú u ká, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò bu, kò sì sí ohun tí a lè ṣe sí i mọ́.