Èbúté Tí Àwọn Ará Èkìtì Wá Kiri

 Nítorí ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni a ṣe yan kókó ọ̀rọ̀ ti òní.

Bí ẹnikẹ́ni bá dìde ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Emùré tí ó ń béèrè ọ̀nà èbúté, ẹ̀rín ni wọn yóò fi í rín. Òkè àti igbó ni Ọlọ́run fi jíǹkí gúúsù Èkìtì. Odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ń ṣàn ní ìhà Ìsẹ̀, ó ń lọ pàdé Ọ̀sẹ̀, Ọ̀sẹ̀ sì ń bá tirẹ̀ lọ sí ìhà òkun. Ṣùgbọ́n omi náà ń lọ ni, kò gbé ọkọ̀ ẹrù bọ̀ wá bá wa. Síbẹ̀, iyọ̀ kò hù ní orí òkè Olósùnta, bẹ́ẹ̀ ni a kò wa ẹ̀tù ìbọn ní ilẹ̀ Emùré. Láti etí omi ni ohun wọ̀nyí ti ń wá. Èrò tèmi ni pé, bí a bá yọ ọ̀rọ̀ èbúté kúrò nínú ìtàn Èkìtì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìtàn náà kò lè dúró.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí èbúté jẹ́. Ẹni tí kò gbé ẹ̀bá omi a máa rò pé ibikíbi tí omi bá ti pàdé ilẹ̀, èbúté ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Èjìnrìn ní etí ọ̀sà, ní ìhà Ẹ̀pẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ọjà tí ó tóbi jùlọ ní etí ọ̀sà nígbà náà. Bí ọjọ́ ọjà bá pé, ọkọ̀ a wá láti Èkó àti láti etí ọ̀sà gbogbo, ọkọ̀ a fẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀. Ẹni tí ó bá pẹ́ dé, ọ̀nà jíjìn ni yóò ti wá ibi tí yóò kan èèkàn rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ààyè tí ó há kọ́ ni ìṣòro tí ó tóbi jù. Àlejò tí ó rí ibi so ọkọ̀ sí gbọ́dọ̀ tún rí onílé tí yóò gbà á, alágbàtà tí yóò bá a tà, àti oníbodè tí yóò jẹ́ kí ẹrù rẹ̀ kọjá. Èèkàn tí a fi ń so ọkọ̀ wà nínú omi. Èyí tí a fi ń so òwò, ọwọ́ ènìyàn ni ó wà.

Títí di ogun Ìmágbọ̀n ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, àwọn Ìjẹ̀bú ni ó di ìlẹ̀kùn ìhà ibẹ̀ mú. Wọn kì í fẹ́ kí ará òkè gba ilẹ̀ wọn kọjá lọ sí Èkó, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í fẹ́ kí ará Èkó gba ibẹ̀ lọ sí òkè; àárín ni wọ́n dúró sí, èrè àárín sì ni wọ́n ń jẹ. Mi ò sọ èyí láti bú Ìjẹ̀bú. Ẹ̀gbá pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà tiwọn. Ẹni tí ó ní èbúté ni í jẹ èrè èbúté.

Kí ni èyí já sí fún Èkìtì? Ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn wà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú wọn, wọn kò sì ní ìlẹ̀kùn tiwọn sí òde ayé. Ní ti gúúsù, ọ̀nà Bìní ti wà tipẹ́. Oníṣòwò Bìní a máa gba Ọ̀wọ̀ àti Àkúrẹ́ wọ ilẹ̀ Èkìtì, wọn a sì máa ru ọjà tí ó ti ọwọ́ Òyìnbó wá. Ṣùgbọ́n èbúté Bìní ni Ughoton, àṣẹ Ọba Bìní ni ó sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ tún wo àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí, tí wọ́n ti Sàró àti Brazil padà dé Èkó. Wọ́n ti la òkun já, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó kù kí wọ́n tó dé ilé baba wọn ni kò ṣeé rìn, nítorí ẹni tí ó bá gbà á lè tún di ẹrú lójú ọ̀nà.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní ọdún 1872, èyí tí Glover lò kẹ́yìn ní Èkó, ó rán Roger Goldsworthy lọ sí ìhà Oǹdó. Ìjà abẹ́lé ti tú Òde Oǹdó ká fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n parí ìjà náà, àwọn ènìyàn sì padà sí ìlú wọn. Báyìí ni ọ̀nà Oǹdó ṣe là. Ọkọ̀ a ṣí ní Èkó, a gba ojú ọ̀sà lọ sí ìhà ìlà-oòrùn. A kọjá Èjìnrìn, a kọjá Ẹ̀pẹ́, a dé Ìtèbú ní ìhà Ìlàjẹ. Ní Ayésàn, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ẹrù a kúrò nínú ọkọ̀ bọ́ sí orí ènìyàn. Láti ibẹ̀ a wọ igbó dé Oǹdó, a dé Òkè-Igbó níbi tí Dẹ́rìn Ọlọ́gbẹ́ńlá ti jẹ́ olórí, a sì gba ibẹ̀ kọjá sí Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì.

Ẹ kíyèsí ohun kan. Àwọn ọlọ́kọ̀ wọ̀nyí kò bá ẹnikẹ́ni jìjàdù èèkàn ní Èjìnrìn. Wọ́n fi ibi tí èrò pọ̀ sí sílẹ̀, wọ́n lọ wá ibi tí ó jìnnà sí i, níbi tí wọn yóò ti rí onílé tí yóò gbà wọ́n. Ọ̀nà náà gùn, igbó rẹ̀ sì ṣòro. Ṣùgbọ́n kò sí lábẹ́ ọwọ́ Ìjẹ̀bú, bẹ́ẹ̀ ni kò sí lábẹ́ ọwọ́ Ẹ̀gbá.

Ìgbà tí ó di ọdún 1878, Fábùnmi gbé ọ̀tẹ̀ dìde sí Ìbàdàn ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ogun Kírìjì sì bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni ó mọ orúkọ Ògèdèǹgbé. Gbogbo wọn ni ó sì ti gbọ́ nípa ìbọn tí a ń ti ìdí rẹ̀ ki ọta sí, èyí tí ó da jìnnìjìnnì bo àwọn tí ó gbójú lé ṣakabùlà. Ṣùgbọ́n ta ni ń béèrè ọ̀nà tí ìbọn náà gbà dé orí òkè? Ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ tí ó wà ní Èkó, tí Philip José Meffre, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ó ti Brazil bọ̀, wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀, ni ó ń dáwó, tí ó ń rà, tí ó sì ń fi ránṣẹ́. Ọ̀nà Oǹdó ni wọ́n sì ń fi í gbà. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń yin akọni ojú ogun, ó yẹ kí a yin atukọ̀ Ìlàjẹ, onílé Ìkálẹ̀ àti alárùú Oǹdó pẹ̀lú.

Òtítọ́ mìíràn tún wà tí kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Ìjọba Èkó kò la ọ̀nà yìí nítorí ìfẹ́ Èkìtì. Òwò tirẹ̀ ni ó ń wá. Ẹni tí ó bá fún ọ ní èbúté yóò mọ ọ̀nà ilé rẹ. Ìjọba kan náà ni ó di onílàjà nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886. Gómìnà rẹ̀, Carter, ni ó tú ibùdó ogun ká ní 1893. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn aláṣẹ Òyìnbó fi dé ààfin wa.

Ẹ lè rí dídé wọn nínú iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ẹni tí ó kú ní 1938. Lára ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ láàárín 1910 sí 1914, Ògògà jókòó, ó ń gba àlejò. Captain Ambrose sì ń bọ̀ nínú ohun tí àwọn ènìyàn gbé e sí, àwọn alárùú sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ kò gbàgbé àwọn tí ó ru ẹrù. Ní 1924, ilẹ̀kùn náà fúnra rẹ̀ wọ ọkọ̀ òkun lọ sí ibi àfihàn ńlá ní Wembley, ní ìlú London. Kò padà mọ́. Wọ́n fi àga ọba kan tí wọ́n ṣe ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀, ilé ìṣúra Gẹ̀ẹ́sì tí à ń pè ní British Museum ni ó sì wà títí di òní.

Kí àwọn tí a jọ jókòó tó dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi lé wọn lọ́wọ́. Èbúté tí Èkìtì rí ní 1872 mú iyọ̀ wá, ó mú àwọn ọmọ wa padà sílé, ó sì mú ìbọn tí a fi jà fún òmìnira wá. Ọwọ́ tí ó la ọ̀nà náà ni ó sì tún wá gba àṣẹ lọ́wọ́ wa. Ṣé àwọn baba wa lè rí èyí tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ lọ bá àwọn àgbà ìdílé yín, kí ẹ sì béèrè ọ̀nà tí iyọ̀ gbà wọ ìlú kí ọkọ̀ ilẹ̀ tó dé. Ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, nítorí a ti kọ orúkọ àwọn ajagun. Orúkọ àwọn alárùú ni a kò ì tíì kọ.