Ẹ̀gbin inú Ọkọ̀ Òkun ní Èbúté Èkó: Bí A Ṣe Ń Gbà Á àti Ibi Tí Ó Gbọ́dọ̀ Parí Sí

Ọkọ̀ òkun tí ó gúnlẹ̀ sí Àpápá kò gbé ẹrù oníṣòwò nìkan wá. Ilé ni ó jẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀: ibi ìdáná wà níbẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ńlá tí ń jẹ epo tọ̀sán-tòru sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí wọ́n jẹ kù, ohun tí wọ́n lò gbó àti ohun tí ẹ̀rọ jò sílẹ̀ ti ń kó jọ láti èbúté tí wọ́n ti ń bọ̀. Níbo ni gbogbo rẹ̀ ń lọ? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ dáhùn, nítorí pé ìpínlẹ̀ wa ni èbúté Àpápá, ti Tin Can Island àti ti Lekki wà, olùgbé ìpínlẹ̀ wa ni yóò sì kọ́kọ́ jìyà rẹ̀ bí ìdáhùn náà bá burú.

Ohun tí ọkọ̀ ń gbé wá

Epo ni ó le jù nínú wọn. Epo dúdú tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń jó nípọn, ó sì ní ìdọ̀tí nínú. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sẹ́ ẹ kí ẹ̀rọ tó lè lò ó, wọ́n a sì tọ́jú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ó bá ṣẹ́kù sínú àgbá irin kan nísàlẹ̀ ọkọ̀. Nítòsí rẹ̀ ni omi ìsàlẹ̀ ilé ẹ̀rọ wà, níbi tí omi, epo àti ọ̀rá tí ń kán láti ara ẹ̀rọ ti dà pọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ agbépo ni, a ó fi omi tí wọ́n fi fọ àwọn àgbá rẹ̀ kún un, èyí sì lè pọ̀ ju gbogbo ìyókù lọ. Lẹ́yìn epo ni omi ìgbọ̀nsẹ̀, ajẹkù oúnjẹ, ike, okùn gbígbó, páálí, eérú ààrò, bátìrì àti ògbólógbòó ọ̀dà.

Òfin àgbáyé tí ó de àwọn ọkọ̀ lórí nǹkan wọ̀nyí ni MARPOL, tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní 1973 tí wọ́n sì tún un ṣe ní 1978. Nàìjíríà sọ ọ́ di òfin ilẹ̀ wa ní 2007. Ike kò gbọ́dọ̀ wọ òkun níbikíbi. Ajẹkù oúnjẹ tí a ti lọ̀ kúnná lè wọ òkun nígbà tí ọkọ̀ bá ti jìnnà sí ilẹ̀ tó máìlì òkun 3. Bí a kò bá lọ̀ ọ́, ó di máìlì 12. Omi ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ gba inú ohun èlò tí ń ya epo kúrò lára omi, epo inú rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju ìpín 15 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Ní ti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ epo, kò sí ìyọ̀ǹda láti dà á sókun: wọ́n lè jó o nínú ààrò ọkọ̀, tàbí kí wọ́n gbé e fún èbúté. Ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lórí ìrìn kí ó tó lè lo ìyọ̀ǹda ti ajẹkù àti ti omi elépo. Nítorí náà, àwọn ọkọ̀ tí ẹ ń rí láti etíkun Tarkwa Bay, tí wọ́n ti ju ìdákọ̀ró tí wọ́n ń dúró de àyè, kò ní ẹ̀tọ́ láti da èyíkéyìí nínú méjèèjì sílẹ̀ níbẹ̀.

Ojúṣe tiwa

Òfin kan náà tí ó de ọkọ̀ de èbúté pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì mọ èyí. Ìjọba tí ó bá fọwọ́ sí MARPOL gbọ́dọ̀ rí i pé àyè wà ní èbúté rẹ̀ láti gba ẹ̀gbin, àyè tí ó tó, tí kò sì ní dá ọkọ̀ dúró ju bí ó ti yẹ lọ. A kò lè ní kí ẹnì kan má dà á sókun kí a má sì fi ibi tí yóò dà á sí hàn án. Ní Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ ni òfin orílẹ̀-èdè fún ní àṣẹ lórí èbúté àti ìrìnnà òkun: àjọ NPA ni ó ń bójú tó èbúté àti gbígba ẹ̀gbin níbẹ̀, àjọ NIMASA sì ni ó ń yẹ ọkọ̀ wò bóyá ó ń pa òfin mọ́. Ṣùgbọ́n bí tánkà tí ó gbé ẹ̀gbin náà bá ti jáde ní géètì èbúté, ọ̀nà wa ni ó ń gbà, ilẹ̀ wa ni ó ń lọ. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan LASEPA tí ń dáàbò bo àyíká, àti LAWMA tí ń rí sí pàǹtírí.

Bí ó ṣe yẹ kí ó lọ nìyí. Ó kéré tán, wákàtí 24 kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀, ọ̀gá ọkọ̀ yóò fi ìwé ránṣẹ́ nípasẹ̀ aṣojú ọkọ̀ náà, yóò sọ irú ẹ̀gbin tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, bí ó ti pọ̀ tó, àti èyí tí ó fẹ́ gbé sílẹ̀. Bájì tàbí tánkà tí ó ní àṣẹ yóò wá gbà á. Ẹni tí ó gbà á yóò fún ọkọ̀ ní rìsíìtì, wọn yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ọkọ̀. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́jú ìwé ti epo, ọdún méjì ni ti pàǹtírí. Olùyẹ̀wò tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi ìwé náà wé àgbá tí ó wà nísàlẹ̀: bí ẹ̀rọ bá ti ṣiṣẹ́ fún ogún ọjọ́ tí àgbá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sì ṣófo, tí kò sí rìsíìtì, tí ààrò kò sì jó o, òkun ni ó mu ún.

Wọn a máa fi ooru ya epo àti omi inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sọ́tọ̀. A lè tún epo rẹ̀ lò fún iná ilé iṣẹ́, a sì gbọ́dọ̀ wẹ omi rẹ̀ mọ́ kí a tó tú u sílẹ̀. Ajẹkù oúnjẹ láti ilẹ̀ òkèèrè kò gbọ́dọ̀ dé ẹnu ẹran ọ̀sìn rárá. Ní 1957, nígbà tí àrùn ẹlẹ́dẹ̀ tí a mọ̀ mọ Áfíríkà kọ́kọ́ wọ Portugal, ajẹkù oúnjẹ ọkọ̀ òfúrufú tí wọ́n fi bọ́ ẹlẹ́dẹ̀ nítòsí Lisbon ni wọ́n dá lẹ́bi. Ajẹkù ọkọ̀ òkun kò yàtọ̀, kí ẹ̀yin tí ń sin ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́bàá omi fi èyí sọ́kàn.

Owó ni ó sábà máa ń ba ètò yìí jẹ́. Bí èbúté bá ń gba owó lórí lítà kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá ọkọ̀ tí ó bá da tirẹ̀ sókun lóru ni yóò jèrè. Ìdí nìyí tí àwọn èbúté ilẹ̀ Yúróòpù fi ń fi owó ẹ̀gbin kún owó tí gbogbo ọkọ̀ ń san bí ó bá gúnlẹ̀, yálà ó gbé nǹkan sílẹ̀ tàbí kò gbé e. Lójú tiwa, ọgbọ́n tí ó tọ́ ni.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Abidjan

Ní oṣù kẹjọ 2006, ọkọ̀ agbépo kan tí ń jẹ́ Probo Koala dé Abidjan ní Côte d'Ivoire, ìlú tí ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò àti ìlú Yorùbá mìíràn fi ṣe ilé. Wọ́n ti fi sódà oníná fọ epo tí kò mọ́ nínú ọkọ̀ náà, ohun tí ó ṣẹ́kù sì ń rùn gidigidi. Ní Amsterdam, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á ní owó Yúrò 27 fún ìwọ̀n kan. Nígbà tí òórùn rẹ̀ tàn ká tí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò, owó náà fò sókè sí nǹkan bí 1,000. Àwọn tí ó ni ẹ̀gbin kọ̀, wọ́n sì fà á padà sínú ọkọ̀. Láti ibẹ̀ ọkọ̀ náà gba Estonia dé Èkó níhìn-ín. Ó gbìyànjú láti rí ẹni tí yóò gba ẹ̀gbin náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò rí, ó sì tẹ̀síwájú.

Ní Abidjan, ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní àṣẹ ní oṣù tí ó ṣáájú gbà á ní owó pọ́ọ́kú. Lóru, àwọn tánkà tú u sí ibi 18 káàkiri ìlú, ààtàn Akouédo wà nínú wọn. Àwọn tí ó lọ gba ìtọ́jú lé ní 100,000, àwọn kan sì kú. Ìjọba ibẹ̀ kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ohun tí wọ́n dà sínú òkun nínú ìtàn yìí. Ọkọ̀ gbé e sílẹ̀, ẹnì kan gbà á, ìwé wà. Ohun tí kò sí ni ẹni tí yóò tẹ̀ lé tánkà láti géètì èbúté títí dé ibi tí ó ń lọ.

Àwa náà kò ṣàì mọ irú rẹ̀. Ní 1988, a rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá májèlé láti ilẹ̀ Ítálì ní Kókó, ní ibi tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Delta lónìí, nínú àgbàlá tí ẹnì kan fi háyà fún wọn lówó díẹ̀ lóṣooṣù. Wọ́n dá ẹrù náà padà lọ́dún yẹn kan náà, ìjọba àpapọ̀ sì ṣe òfin pé ẹ̀wọ̀n gbére ni fún ẹni tí ó bá kó irú ẹ̀gbin apanilára bẹ́ẹ̀ wọlé tàbí tí ó dà á sí ilẹ̀ tàbí omi Nàìjíríà.

Ohun tí olùgbé lè ṣe

Ẹ má ra epo dúdú tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kékeré gbé wá sí ẹ̀bá Kirikiri, Ìjórà tàbí ibòmíràn láìsí ìwé, bí ó ti wù kí ó pọ́ọ́kú tó. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọkọ̀ ni ó lè jẹ́, èéfín rẹ̀ sì burú fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tí ó bá fẹ́ háyà àgbàlá tàbí ilé ìkẹ́rùsí fún ẹni tí ń kó àgbá, kí ó béèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀ àti ìwé àṣẹ rẹ̀. Bí tánkà bá ń tú nǹkan sí gọ́tà tàbí ààtàn lóru, ẹ má sún mọ́ ọn, ẹ má tan iná, ẹ pe 112 tàbí 767.

Ẹ̀yin apẹja, bí ẹ bá rí epo tí ń tàn lójú omi lẹ́yìn ọkọ̀ kan, ẹ kọ aago, ibi tí ẹ wà àti nọ́ńbà ọkọ̀ náà sílẹ̀. Nọ́ńbà ni a wí, kì í ṣe orúkọ nìkan. Oní-dígíìtì méje ni, IMO ni ó ń ṣáájú rẹ̀, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ gàdàgbà sí ara àwọn ọkọ̀ òkun ńlá. Orúkọ ṣeé yí padà: ní 2011, wọ́n sọ Probo Koala di Gulf Jash. Nọ́ńbà rẹ̀ kò yí.