Ipa Wo Ni Iná Yóò Gbà? Àyẹ̀wò Ọ̀nà Mẹ́ta Tí A Fi Ń Mú Ọkàn Tó Ti Rẹ̀ Lù

Ẹni tí àárẹ̀ ọkàn bá ń ṣe máa ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ a wú, ìrọ̀rí kan kì í sì í tó o sùn mọ́ lóru. Ọkàn rẹ̀ kò lágbára tó láti ti ẹ̀jẹ̀ jáde bó ṣe yẹ. Lára àwọn kan, wàhálà mìíràn tún wà: iná tó ń pàṣẹ fún ọkàn láti lù kì í dé ìhà òsì lásìkò. Àwọn wọ̀nyí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, àti bí àwọn dókítà ṣe ń fi ẹ̀rọ amọ́kànlù, ìyẹn pacemaker, tún ìrìn iná náà ṣe.

Òkè ọkàn ni iná yìí ti ń ṣẹ̀ wá. Ó ń gba inú okùn tín-ín-rín tí Wilhelm His ṣàpèjúwe ní Leipzig ní 1893 kọjá, kó tó pín sí ẹ̀ka ọ̀tún àti ẹ̀ka òsì. Bí ẹ̀ka òsì bá dí, ìhà ọ̀tún á ti fún pọ̀ kí ògiri òsì tó dìde. Ẹ wo ẹni méjì tó di aṣọ tútù mú tí wọ́n ń fún un: bí ọ̀kan bá ti dẹwọ́ kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀, omi kò ní í jáde tán. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣẹ́ kù sínú ọkàn. Lórí bébà ECG, tó ń ya ìrìn iná ọkàn sílẹ̀, ìlà QRS, tí kì í tó 120 mílísẹ́kọ́ńdì lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, lè fẹ̀ dé 150 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀nà tó ti pẹ́ jù ni ti wáyà méjì. Ọ̀kan á wọ yàrá ìsàlẹ̀ ọ̀tún, èkejì á gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yìn ọkàn lọ sí ara ògiri òsì, kí wọ́n lè jọ ta iná. Ìwádìí CARE-HF ti 2005 ṣẹ́ kèké láàárín ènìyàn 813 ní Yúróòpù: nínú 404 tó ń lo oògùn nìkan, 120 kú; nínú 409 tí wọ́n fi ẹ̀rọ kún oògùn wọn, 82 kú. Ẹ̀mí ènìyàn ni wọ́n kà, ìdí nìyẹn tí n kò fi lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ẹ̀rí yìí. Síbẹ̀, bí ẹni mẹ́ta bá gbà á, ó máa ń tó ọ̀kan tí kò rí ìyípadà gidi. Iṣan náà lè lọ́ jù fún wáyà. Bí QRS kò bá sì fẹ̀, ẹ̀rọ yìí lè ṣe ibi: wọ́n dá ìwádìí EchoCRT dúró ní 2013, nínú èyí tí QRS àwọn 809 tó kópa kò tó 130; 45 kú níbi tí ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́, 26 níbi tí wọn kò ti tan án.

Àwọn mìíràn lọ bá okùn His fúnra rẹ̀, láti nǹkan bí 2000. Ipa tí Ọlọ́run là sílẹ̀ ni iná ń gbà níbẹ̀, ṣùgbọ́n okùn náà kéré, ó sábà máa ń gba iná púpọ̀ kó tó dáhùn, bátìrì á sì tètè tán. Nínú ìwádìí His-SYNC ti 2019, tó ní ènìyàn 41, nǹkan bí ìdajì àwọn tí wọ́n yàn fún okùn His ni wọ́n padà gbé lọ sí wáyà méjì.

Ẹ̀ka òsì ni ojú gbogbo ayé ìṣègùn ọkàn wà báyìí. Huang Weijian àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Wenzhou, ní Ṣáínà, ló ròyìn ọ̀nà yìí ní 2017. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ẹnu rẹ̀ dà bí síkúrù kékeré. Láti yàrá ọ̀tún ni dókítà yóò ti máa yí i wọ inú ògiri àárín, díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ kò ní í kúrò lára ìlà ECG tí à ń pè ní V1. Bí wáyà ṣe ń wọlé, àmì tó rí bíi lẹ́tà W lórí ìlà náà á máa yí padà, títí òkè kékeré kan yóò fi yọ ní ìparí rẹ̀. Yóò dáwọ́ dúró níbẹ̀, torí bó bá yí i kọjá, yóò dá ògiri náà lu bọ́ sínú yàrá òsì. Ẹ̀ka yìí tẹ́ bí ojú ìgbálẹ̀, èyí ló jẹ́ kó rọrùn í bá ju okùn His lọ.

Àbájáde rẹ̀ wú mi lórí. Nínú LBBP-RESYNC ti 2022, tí wọ́n ṣẹ́ kèké láàárín ènìyàn 40, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde nínú 100 fi 21 gòkè láàárín oṣù mẹ́fà lára àwọn ti ẹ̀ka òsì. Ti wáyà méjì fi 15.6 gòkè. Ní 2023, Pugazhendhi Vijayaraman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàyẹ̀wò ènìyàn 1,778: ikú tàbí ìdùbúlẹ̀ sílé ìwòsàn nítorí àárẹ̀ ọkàn jẹ́ 20.8 nínú 100 fún ẹ̀ka òsì, 28 fún wáyà méjì. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà ló yan ọ̀nà fún aláìsàn nínú ìwádìí ńlá yìí, wọn kò ṣẹ́ kèké. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí ara rẹ̀ le jù ni wọ́n yàn fún ọ̀kan. Nínú MELOS, ìwádìí ilẹ̀ Yúróòpù tó jáde ní 2022, wáyà náà dé ibi tó yẹ lára 82 nínú 100 àwọn alárẹ̀ ọkàn. Kò tó ti àwọn tí ọkàn wọn kàn ń falẹ̀ lù, tó jẹ́ 92.

Ìdájọ́ tèmi ni pé kí wáyà méjì ṣì wà nípò kìn-ín-ní fún ẹni tí ẹ̀ka òsì rẹ̀ dí tí QRS rẹ̀ sì tó 150, kí ẹ̀ka òsì jẹ́ ibi tí a óò yà sí bí iṣan bá kọ̀, títí ìwádìí ńlá tí a ṣẹ́ kèké sí yóò fi ka ẹ̀mí fún wa. N kò gbàgbé ọ̀rọ̀ owó: ẹ̀rọ tí kò nílò wáyà òsì àrà ọ̀tọ̀ yẹn sábà máa ń dínwó, èyí kì í ṣe ohun kékeré nílùú tí aláìsàn ti ń fi owó ara rẹ̀ tọ́jú ara.

Ní Abẹ́òkúta, nínú aláìsàn 452 tí Okechukwu Ogah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa àárẹ̀ ọkàn lára 78.5 nínú 100. Ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbọ́dọ̀ ṣáájú ẹ̀rọ kankan. Ṣùgbọ́n bébà ECG kò wọ́n. Ẹ̀yin oníṣègùn ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí alárẹ̀ ọkàn kan kúrò níwájú yín láìjẹ́ pé ẹ ti wọn QRS rẹ̀.