Páìpù Tí Ògógóró Ń Gbà Kọjá

Bí a bá dárúkọ ògógóró nílẹ̀ Ìkálẹ̀, láti Òkìtìpupa dé Òde-Ìrèlè, iná, dúrọ́ọ̀mù àti ìgò ló máa ń wá sí èèyàn lọ́kàn. Ẹni tó ń mu ún ń sọ bó ṣe ń ta á lọ́fun, ẹni tó ń sè é ń ṣírò iye ìgò tí yóò rí. Ta ló ń rántí páìpù? Bẹ́ẹ̀, òun gan-an ló ń sọ ògùrọ̀ di ògógóró, òun náà ni mo sì fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ti ń lọ. Wọn a fi ògùrọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó lè kan dáadáa, wọn a dà á sínú dúrọ́ọ̀mù, wọn a dé e pa, wọn a sì dáná sábẹ́ rẹ̀. Ọtí líle ń hó ní ìwọ̀n 78°C, omi ní 100°C, nítorí náà ooru ọtí ló ń ṣáájú jáde. Inú páìpù ni yóò gbà, páìpù náà yóò sì la omi tútù kọjá nínú ọ̀pọ́n gígùn tàbí ògbólógbòó ọkọ̀ igi, títí ooru yóò fi padà di omi, tí yóò máa kán tó, tó, tó sínú ìgò.

Lọ́dún 1919 ni àwọn ìjọba òyìnbó tọwọ́ bọ̀wé ní Saint-Germain, nílẹ̀ Faransé, pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sè ọtí líle ní apá tó pọ̀ jù nílẹ̀ Áfíríkà. Jíìnì tó ń ti òkè òkun wá ń sanwó ibodè, ògógóró kò san kọ́bọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rí ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Nígbà tí owó epo pupa àti ekùrọ́ já wálẹ̀ lẹ́yìn 1930, apá mẹ̀kúnnù kò ká jíìnì òyìnbó mọ́, ògógóró sì gbilẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ igbó. Dúrọ́ọ̀mù àti páìpù ni ẹ̀rí tí wọ́n ń wá, nítorí pé ọtí ṣeé dà sílẹ̀, àní ó ṣeé mu tán, ṣùgbọ́n ta ló lè gbé páìpù mì?

Bàbà ni àwọn tó mọṣẹ́ fẹ́ràn. Ó tètè ń gbé ooru kúrò, ó ṣeé tẹ̀ láìṣẹ́, ó sì ń mú òórùn burúkú kan báyìí kúrò lára ọtí. Ṣùgbọ́n ìkan inú ọtí ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń pa àwọ̀ ewé. Irin ń dógùn-ún. Òjé tí àwọn kan fi ń lẹ ojú páìpù ló burú jù, nítorí pé ó ń wọnú ọtí, ó sì ń ba ọpọlọ àti kíndìnrín jẹ́. Bí ẹnìkan bá wá fi họ́ọ̀sì tí a fi ń bomi rin ọgbà sí i, ọtí gbígbóná yóò bu nínú èròjà rọ́bà náà mọ́ra. Ọtí líle kì í kọjá lára nǹkan lásán.

Èwo wá ni páìpù tí kò ní bù fún un? Kò sẹ́ni tó jókòó wá a. Ṣe ni wọ́n ṣèèṣì rí i. Ní ọjọ́ 6, oṣù kẹrin, 1938, Roy Plunkett, ọmọ ọdún 27 tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ DuPont ní New Jersey, ní Amẹ́ríkà, ṣí agolo gáàsì kan tó fẹ́ lò fún iṣẹ́ fíríìjì. Gáàsì kò jáde, bẹ́ẹ̀ agolo náà kò fúyẹ́. Wọ́n fi ayùn rẹ́ ẹ, wọ́n bá lẹ́búlẹ́bú funfun kan nínú rẹ̀ tó ń yọ̀ bí ìda. Ásíìdì kò ràn án. Ohun tí ayé wá mọ̀ sí Teflon nìyẹn. Nígbà ogun Hitler, àwọn tó ń ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì ló kọ́kọ́ gbà á lò, nítorí gáàsì yuréníọ̀mù tó ń jẹ gbogbo nǹkan yòókù.

Ìdí rẹ̀ ni pé fluorine yí èròjà èédú inú rẹ̀ ká bí ọgbà, ó sì dì í mú ṣinṣin tó bẹ́ẹ̀ tí nǹkan mìíràn kò fi ráyè wọlé. Ìwọ̀n 327°C ni ó tó yọ́, nígbà náà pàápàá kò ní ṣàn. Nítorí náà wọn kì í dà á bí ọ̀rá. Wọ́n ń fi epo fúyẹ́ po lẹ́búlẹ́bú rẹ̀, wọ́n ń tì í gba ojú ihò kí ó lè di páìpù, wọ́n ń gbẹ epo náà, kí wọ́n tó yan án. Ó rọ̀, kò lè dá agbára gbé, ni wọ́n ṣe ń hun wáyà irin tí kì í dógùn-ún bò ó lẹ́yìn. Irú họ́ọ̀sì yìí ló ń gbé ásíìdì, oògùn, ooru gbígbóná, àti epo inú ọkọ̀ òfuurufú. Bí ọtí tàbí epo bá ń sáré nínú rẹ̀, iná mànàmáná lè kó jọ sára rẹ̀, kó ta pàrà, kó sì gbiná. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan nínú wọn fi dúdú nínú, èédú ni wọ́n pò mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ẹ má kánjú gbé e lọ sídìí ààrò. Kò yẹ kó kọjá 260°C. Bí iná igi bá lá a, èéfín olóró ló ń tú jáde. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é pàápàá kò mọ́ tónítóní. Kẹ́míkà kan tí a ń pè ní PFOA, tí wọ́n fi ń ṣe é, wọnú omi mímu àwọn ará ìlú nítòsí ilé iṣẹ́ DuPont ní West Virginia. Lọ́dún 2017 DuPont àti Chemours gbà láti san 671 mílíọ̀nù dọ́là fún àwọn tó pè wọ́n lẹ́jọ́. Lọ́dún 2019 wọ́n fi PFOA sínú ìwé àdéhùn Stockholm pé kí gbogbo ayé pa á tì.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Òde-Ìrèlè. Ní oṣù kẹrin, 2015, ojú àwọn èèyàn kan níbẹ̀ dédé ṣú, orí ń fọ́ wọn, wọ́n sì ń kú lọ́jọ́ kan sí méjì. Ó kéré tán, ẹni 18 ló kú. Àwọn kan ní òrìṣà Malokun ló ń bínú, àwọn mìíràn ní Ebola ni, àjọ ìlera àgbáyé kọ́kọ́ fura sí oògùn apakoríko. Methanol ni wọ́n wá rí nígbẹ̀yìn. Nínú ara ó ń di ásíìdì tó ń ba ẹṣẹ́ ojú jẹ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló wà nínú ògùrọ̀ fúnra rẹ̀. Iye tó ń pa èèyàn bẹ́ẹ̀, àdàlù ló sábà ń mú un wá.

Páìpù bàbà kò jẹ̀bi níbẹ̀, o jàre, Teflon pàápàá kì bá sì ti gba ẹnikẹ́ni là. Páìpù tí kì í fi nǹkan kún ọtí kì í yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀ náà. Methanol ń hó ní 65°C, ó ń bá ọtí gidi rìn jáde, ojú lásán kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún náà NAFDAC fòfin de ògógóró, lẹ́yìn tí irú ikú yìí tún ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìpínlẹ̀ Rivers. Ni a bá tún padà sí ibi tí òfin 1919 wà: ọtí ni wọ́n tún kà léèwọ̀, nígbà tó jẹ́ pé àyẹ̀wò inú ìgò ló tú àṣírí ohun tó pa àwọn ará Òde-Ìrèlè.